ÌWẸ̀ ÌKÓKÓ NÍNÚ ILÉ: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÒBÍ ỌMỌ TITUN MỌ̀

 

Ó lè ya àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jókòó síhìn-ín lẹ́nu pé ìwẹ̀ ọmọ titun ni a fi ṣe kókó ọ̀rọ̀ òní. Èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé iṣẹ́ àwọn ìyá àgbà ni èyí, pé ti ọkùnrin kò ju kí ó ra ọṣẹ, kí ó sì wá owó àgbò ìsọmọlórúkọ lọ. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe ọmọ náà ní òru ọjọ́ kẹta, baba rẹ̀ ni yóò gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Etí baba kò gbọdọ̀ di sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Ìdúmọ̀tà títí dé Òkè Pópó, ìwẹ̀ ọmọ kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Bí a bá ti bímọ nínú agbo ilé, ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ yóò dé pẹ̀lú ẹrù rẹ̀: ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn titun, òrí, àdí. Wọn yóò ra omi kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́rúwà, wọn yóò gbé kẹ́tùlù ka iná. Ìyá àgbà yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ ọmọ lé e lórí, ìyá ọmọ yóò sì dúró tì í láti kọ́ bí a ti ń ṣe é. Ẹkún ọmọ yóò gba gbogbo àgbàlá. Ẹni tí ó bá ń kọjá yóò kí wọn pé, “Ẹ kú ọwọ́ lómi o.” Kò sí ìkíni tí ó bá abiyamọ mu ju èyí lọ, nítorí pé láti ọjọ́ tí a ti bí ọmọ ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti wọ inú omi, kò sì ní yọ ọ́ bọ̀rọ̀.

Ẹwà ń bẹ nínú àṣà yìí. Ìyá titun tí ó rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára rẹ̀, rí ẹni tí yóò bá a gbé ọmọ; ìmọ̀ sì ń ti ọwọ́ àgbà bọ́ sí ọwọ́ ọmọdé. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a lé àwọn ìyá àgbà kúrò nídìí ọmọ kò fẹ́ ire fún ìdílé. Àmọ́ àwọn ohun kan ti wọ inú ìwẹ̀ náà tí wọ́n ń pa ọmọ, tí wọ́n sì ń sọ àwọn mìíràn di adití, nígbà tí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ gbà pé ìtọ́jú ni wọ́n ń ṣe. Nǹkan wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí.

Àníyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1901, nígbà tí William MacGregor jẹ́ gómìnà, àwọn obìnrin Èkó kan, tí Charlotte Olajumoke Obasa ṣáájú wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ikú àwọn ọmọ ọwọ́ ti pọ̀ jù láàárín ìlú. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ìmọ́tótó, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn. Dókítà Oguntola Sapara, tí ó kú ní 1935, náà lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ ìjọba láti bá àwọn ohun tí ń pa ọmọ ọwọ́ jà, ó sì wà lára àwọn tí ìtiraka wọn mú kí ilé ìtọ́jú Massey dìde sí àárín Erékùṣù Èkó. Ní Massey yẹn ni Dókítà Elizabeth Abimbola Awoliyi, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Òun ni olùdarí ìṣègùn níbẹ̀ láti 1960 títí di 1969. Àwọn tí wọ́n ṣáájú ti ṣe tiwọn. Síbẹ̀, ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ìlera ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni wọn kì í pé oṣù kan láyé. Kì í ṣe ìwẹ̀ ni ó pa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n òtútù wà lára ohun tí ń pa ọmọ oṣù kan, ìdọ̀tí ojú ìwọ́ wà níbẹ̀, ibà pọ́njú wà níbẹ̀, ìdí omi ìwẹ̀ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sábà máa ń pàdé.

Ìwẹ̀ àkọ́kọ́

Kò sí àṣẹ kan nínú Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé pé kí a wẹ ọmọ ní wákàtí tí a bí i. Àṣà ni, ohun tí ó bá sì jẹ́ àṣà, ó dára kí a máa pè é ní àṣà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀sìn ti ara rẹ̀ lẹ́yìn nídìí rẹ̀. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí a dúró kí wákàtí 24 kọjá lẹ́yìn ìbí kí a tó wẹ ọmọ. Bí àṣà ìdílé kò bá sì gba ìyẹn, kí ó má ṣe dín ní wákàtí mẹ́fà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ fi gbé inú ìyá, níbi tí ooru kì í yí padà. Bí ó ti ń jáde, gbogbo ara rẹ̀ rin gbindin, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i. Ẹni tí òjò pa láti Òkè Àrin títí dé ilé, tí ó wá lọ dúró síwájú fáànù, yóò mọ ohun tí ń ṣe ọmọ náà. Àgbàlagbà á gbọ̀n kí ara rẹ̀ lè gbóná. Ọmọ titun kò lè gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Ooru ara rẹ̀ yẹ kí ó wà láàárín 36.5 sí 37.5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńsíọ́ọ̀sì. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, agbára tí ọmọ ìbá fi fa ọmú ni yóò máa fi wá ooru. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò dínkù, mímí yóò sì di iṣẹ́ fún un. Àwọn kan a máa wí pé kò sí òtútù ní Èkó. Yàrá tí òjò oṣù kẹfà ń fẹ́ wọ̀, tàbí èyí tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ti tutù jù fún ọmọ tí ara rẹ̀ rin.

Ohun tí a óò ṣe dípò ìwẹ̀ ni pé kí a fi aṣọ mímọ́ tí ó gbẹ nu ọmọ gbẹ láti orí dé ẹsẹ̀, kí a gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ níhòòhò, awọ kan awọ, kí a da aṣọ bo àwọn méjèèjì, kí a dé fìlà fún ọmọ, kí ó sì mu ọmú kí wákàtí kan tó kọjá. Kò sí sítóòfù tàbí aṣọ olówó ńlá tí ó lè mú ọmọ gbóná bí àyà ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń mú kí àwọn ìyá àgbà kánjú. Bí ènìyàn bá dàgbà tí ara rẹ̀ ń rùn, wọn a ní a kò wẹ̀ ẹ́ dáadáa nígbà tí a bí i. Ìbẹ̀rù ẹ̀gàn yìí ni ó ń mú kí a fi epo pupa àti kànìnkànìn bó ọ̀rá funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ara ọmọ títí awọ rẹ̀ yóò fi pọ́n. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn kan ń wí pé àìmáradúró tọkọtaya nígbà oyún ni ó fa ọ̀rá náà, ìtìjú a sì pa ìyá ọmọ lẹ́nu mọ́. Irọ́ gbáà ni. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ọ̀rá náà. Ọlọ́hun fi bò ó kí omi tí ó yí i ká nínú ilé-ọmọ má ba awọ rẹ̀ jẹ́, bí ó bá sì dé ilé ayé tán, ọ̀rá kan náà ni yóò máa dènà kòkòrò àrùn, tí kò sì ní jẹ́ kí awọ gbẹ. Yóò wọra fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọmọ ni kí a fi aṣọ rírọ̀ nù kúrò. Ní ti òórùn ara àgbàlagbà, inú òógùn àti àwọn kòkòrò tí ń gbé abíyá ni ó ti ń wá. Ìgbà ìbàlágà ni ó ń bẹ̀rẹ̀, kò sì kan ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ wẹ ọmọ rárá.

Omi, ooru àti ọwọ́

Títí ìwọ́ yóò fi já, nínù ni ó sàn kí a máa nu ọmọ, kí a má tì í rì bọ inú omi. Aṣọ rírọ̀ tí a ti bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó fún un. Bí ìwọ́ bá ti já, tí ojú rẹ̀ sì ti gbẹ, a lè gbé báàfù jáde.

Kí ẹni tí yóò wẹ ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó gé èékánná, kí ó bọ́ òrùka. Kí ó kó ọṣẹ, táwẹ̀ẹ̀lì, ìtẹ́dìí àti aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀ sí ìtòsí kí ó tó tú u sílẹ̀. Kí a ti fèrèsé, kí a pa fáànù. Omi tútù ni kí a kọ́kọ́ dà sínú báàfù, kí a tó bu gbígbóná lù ú, nítorí pé bí gbígbóná bá ṣáájú, tí ẹnìkan sì pe ẹni tí ń pò ó, ẹlòmíràn lè rò pé ó ti tán, kí ó gbé ọmọ sí i. Bí ọmọ bá sì ti wọ inú báàfù, a kì í da omi gbígbóná kún un mọ́ lórí.

Àtẹ́lẹwọ́ kò ṣeé fi dán omi ọmọ wò. Ọwọ́ tí ó ti ń ro ọkà, tí ó ti ń yọ ìkòkò lórí iná fún ogójì ọdún, kò lè sọ òtítọ́ nípa omi ìkókó. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí a tì bọ̀ ọ́, tàbí inú ọrùn ọwọ́. Bí ìgbọ̀nwọ́ kò bá mọ omi náà sí gbígbóná tàbí tútù, ó ti tó. Lórí òṣùwọ̀n, ìyẹn jẹ́ 37 tàbí 38. Omi tí ó gbóná tó 60 lè bó awọ ọmọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, omi kẹ́tùlù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí ènìyàn márùn-ún ń gbé, níbi tí sítóòfù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí fíláàsì omi gbígbóná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ewu náà kò jìnnà. Bí omi bá jó ọmọ, kí a bọ́ aṣọ tí ó rin kúrò lára rẹ̀ kíákíá, kí a máa da omi tútù tí ó mọ́ sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí a fi aṣọ bo ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má mú un, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹyin tútù, epo pupa àti ọṣẹ ìfọyín kì í ṣe oògùn iná. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí bá egbò ni.

Kí omi báàfù má ṣe jìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Àní ìyẹn náà tó láti pa ìkókó bí ojú bá kúrò lára rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, bí tẹlifóònù bá ń dún, kí a fi táwẹ̀ẹ̀lì wé ọmọ, kí a gbé e dání lọ. A kì í sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà pé kí ó bá wa di àbúrò rẹ̀ mú nínú omi. Ọwọ́ òsì yóò gbé orí àti ọrùn ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún yóò máa wẹ̀ ẹ́. Ojú ni a ń kọ́kọ́ fi omi lásán nù, láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀yìn ojú. Lẹ́yìn náà, abẹ́ ọrùn, abíyá àti ìtàn, níbi tí wàrà àti òógùn ń sá pamọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin, iwájú ni kí a ti nù ún lọ sí ẹ̀yìn. Orí ni kí a wẹ̀ kẹ́yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni ooru ara rẹ̀ ti ń jáde jù. Kí gbogbo rẹ̀ má ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Ọṣẹ díẹ̀ tí kò le ló tọ́ sí i. Ọṣẹ dúdú tí eérú rẹ̀ ń ta àgbàlagbà lára, kí ni yóò ṣe ìkókó?

Ìwọ́ ọmọ

Ìwọ́ tí a gé jẹ́ ojú egbò tí kò tíì jiná, a sì rí ìyá àgbà tí ń fi aṣọ tí a rì bọ omi híhó jó o láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ó lè tètè já. A rí ẹni tí ń fi ọṣẹ ìfọyín sí i, iyọ̀, eérú, àgbo láti Jànkárà, àní ìgbẹ́ màlúù ní àwọn ibòmíràn. Inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Bí ó bá gba ojú ìwọ́ wọlé, ọmọ tí ó ti ń fa ọmú dáadáa fún ọjọ́ méjì yóò ṣàdédé kọ ọmú, láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkẹrìnlá. Ẹnu rẹ̀ yóò dì pa, ara rẹ̀ yóò le gbagidi bí a bá fọwọ́ kàn án tàbí bí ariwo bá dún. Àwọn ará ilé yóò pè é ní gìrì, wọn yóò máa wá ẹni tí ó ṣe é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ìyá gbà nígbà oyún àti abẹ titun tí a fi gé ìwọ́ ni ààbò ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, wọ́n tún ń lo jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, tí a ń fi pa ojú ìwọ́ láti ọjọ́ tí a bí ọmọ, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ méje. Kí a bi nọ́ọ̀sì bí a ti ń lò ó. Kí ó má ṣe kan ojú ọmọ láéláé. Àwọn ìyá kan ti ṣì í pè ní oògùn ojú, ó sì ti ba ojú ọmọ jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí ìwọ́ gbẹ, kí ó mọ́, kí ìtẹ́dìí má bò ó. Bí ó bá ń rùn, tí ó ń ṣọyún, tàbí tí awọ àyíká rẹ̀ pọ́n, ilé ìwòsàn yá.

Fífà, jíjù àti fífún

Fífi òrí ra ọmọ lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò burú. Ara ń tù ú, ìyá àti ọmọ sì ń mọ ara wọn. Jíjù ú sókè kí ó má baà lójo, fífi apá kan gbé e sókè, dídorí rẹ̀ kodò ní dídi ẹsẹ̀ mú, ìwọ̀nyí ni kí a fi sílẹ̀. Egungun ìkókó rọ̀, ọrùn rẹ̀ kò tíì gbà á, ọpọlọ rẹ̀ sì lè fara gbún agbárí bí a bá jù ú. Àwùjẹ̀ tí ń mí lórí ọmọ kì í ṣe ihò tí aṣọ gbígbóná yóò dí. Ọlọ́hun ni ó fi ààyè sílẹ̀ kí ọpọlọ lè rí ibi dàgbà sí, yóò sì dí nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Bí ọmú ọmọ titun bá wú, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin, oje inú ara ìyá rẹ̀ ni kò tíì tán lára rẹ̀. Kí a má fún un. Fífún ni ń sọ ọ́ di ìkókó-ọyún tí dókítà yóò fi abẹ là.

Omi ìwẹ̀ kì í ṣe ohun mímu. Ọmọ tí a fi ọwọ́ bo lẹ́nu, tí a ń rọ omi tàbí àgbo sí lọ́fun, lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmú ìyá nìkan tó o fún oṣù mẹ́fà, omi wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìwẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ó kù yìí ni ó wúwo jù fún ará Èkó, òun sì ni a kì í sábà sọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni èròjà kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Láàárín àwa Yorùbá, ó tó ọkùnrin kan nínú márùn-ún tí a bí tí èròjà yìí kò tó lára rẹ̀. Àwọn obìnrin kan náà wà bẹ́ẹ̀. Kò sí àmì kankan lójú wọn. Wọ́n lè lo ayé wọn pẹ̀lú àlàáfíà láìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí òórùn kàfúrà, ìyẹn àwọn hóró funfun tí a ń jù sínú àpótí aṣọ nítorí kòkòrò, bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Àwọn ìpara tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù wà nínú wọn, tí a fi ń pa ẹ̀fọ́rí, tí àwọn kan sì ń fi pa àwùjẹ̀ àti ìdodo ọmọ lẹ́yìn ìwẹ̀, wà lára ohun tí àwọn dókítà ọmọdé ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀. Láti 1985 ni Familusi àti Dawodu ti tẹ ìwádìí jáde lórí ibà pọ́njú ọmọ titun àti àwọn kẹ́míkà inú ilé ní Nàìjíríà. Ìkìlọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀.

Ẹ wo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. A wẹ ọmọ tán, ó mọ́ tónítóní. Ìyá àgbà ṣí àpótí rẹ̀, ó mú aṣọ òkè tí ó ti fi pamọ́ láti ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, òórùn kàfúrà sì gba yàrá. Ìfẹ́ ni ó mú un fi aṣọ iyebíye wé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ojú ọmọ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, lẹ́yìn náà àyà, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ń sùn jù, kò fa ọmú mọ́, igbe rẹ̀ di tín-ín-rín. Oje pípọ́n tí ó ti ara ẹ̀jẹ̀ fífọ́ jáde ti ń wọ ọpọlọ. Ọmọ tí kò bá kú nínú rẹ̀ lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu títí ayé. Aṣọ tí ó ti bá kàfúrà gbé kò gbọdọ̀ kan ọmọ titun. Kí a má ṣe fi kàfúrà sínú yàrá rẹ̀ pàápàá.

Àwọn kan yóò sọ pé oòrùn àárọ̀ ń wo ibà pọ́njú. Ní Island Maternity tí ó wà ní Erékùṣù Èkó yìí gan-an ni Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti ṣe ìwádìí lórí oòrùn, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2015. Wọ́n ta àtíbàbà tí wọ́n fi ike pàtàkì kan bò, èyí tí ń sẹ́ oòrùn: ó ń dí ìtànṣán tí ń jó awọ lọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí ń tú oje pípọ́n náà ká kọjá sí ara ọmọ. Wọ́n rí i pé ó ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹ̀rọ iná ilé ìwòsàn. Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò, wọ́n sì ń wọn ooru ara rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Gbígbé ọmọ sí ojú fèrèsé ní ìdajì wákàtí kò jọ ọ́, ìdádúró tí ó sì ń fà ni ó ń ṣekú pani. Bí ojú ọmọ bá pọ́n ní ọjọ́ tí a bí i, tàbí tí pípọ́n náà dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbàkigbà, kí a má dúró di ọjọ́ kejì. Island Maternity wà nítòsí.

Báwo ni ìyàwó ọdún kan yóò ṣe sọ gbogbo èyí fún ìyá ọkọ rẹ̀? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Bí ó bá dúró di ìgbà tí ọmọ ti wà lórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà tí ó ń ké, ọ̀rọ̀ yóò dà bí àrífín. Inú oyún ni kí a ti sọ ọ́, ẹnu ọkọ ni ó sì ti yẹ kí ó jáde, nítorí pé ọmọ tí ìyá bí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ bí àṣà ilé wọn bá ti rí, kí ó ní, “Màmá, nọ́ọ̀sì ní kí a mú ẹni tí yóò máa wẹ ọmọ wá sí kíníkì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ̀yin ni mo ní lọ́kàn.” Ìyá àgbà tí nọ́ọ̀sì bá bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ yóò padà wálé gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa lé àwọn aládùúgbò tí wọ́n bá mú ìpara wá. Kí ọkọ náà fi owó tì í: kí ó ra aṣọ ọmọ titun, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sá a sí oòrùn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí àpótí nítorí àìsí aṣọ.

Ó ku ọjọ́ keje. Àwọn tí wọ́n ka Risālah Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī ní ilé kéú mọ̀ pé ó kà á sí ohun rere kí a fá orí ọmọ ní ọjọ́ náà, kí a sì fi ìwọ̀n irun rẹ̀ ní wúrà tàbí fàdákà tọrẹ. Ó sì sọ pé bí a bá fi lọ́fíńdà kun orí rẹ̀ dípò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan máa ń lò, kò sí láìfí níbẹ̀. “Kò sí láìfí” kò túmọ̀ sí pé dandan ni. Awọ orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ń gba nǹkan wọlé kíákíá, lọ́fíńdà olóòórùn líle ọjà òde òní kò sì yẹ ẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ìpara mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Kí onígbàjámọ̀ lo abẹ titun tí a tú lójú ẹni, kí ó fọ ọwọ́, kí ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ irun náà, kí ó sì yẹra fún àwùjẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ti fá a tán, kí a nu orí ọmọ gbẹ, kí a dé e ní fìlà, kí a tó gbé e jáde sí àárín àwọn tí wọ́n wá gbọ́ orúkọ rẹ̀.